Wọ́n fẹ́ máa bá mi tẹ àtẹ́lẹsẹ̀: kí ni kí n máa retí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, mo ní ìtọ̀ ṣúgà, mo sì ń lo oògùn rẹ̀. Oorun kì í wá mọ́ lóru, ọmọ mi wá fẹ́ sanwó kí wọ́n máa bá mi ṣe reflexology, ìyẹn títẹ àtẹ́lẹsẹ̀ láti fi tọ́jú ara. Ṣé ó máa ń dunni? Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń rí àìsàn lára àtẹ́lẹsẹ̀? Ṣé mo lè fi oògùn sílẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ má fi oògùn sílẹ̀ o. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń jẹun, ṣùgbọ́n títẹ ẹsẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ oògùn ṣúgà.

Bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ nìkan lẹ óò bọ́. Kí ẹni tó máa tẹ ẹsẹ̀ yín tó fọwọ́ kàn yín, ó yẹ kí ó bi yín nípa àìsàn, oògùn, iṣẹ́ abẹ àti egbò. Bí kò bá bèèrè, ẹ dìde kí ẹ máa lọ. Ẹ óò fẹ̀yìn tì, òun á máa fi àtàǹpàkò ọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ yín díẹ̀díẹ̀ láti ọmọ ìka dé gìgísẹ̀, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan. Ó máa ń tẹ̀ ẹ́ dáadáa, torí títẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ máa ń pani lẹ́rìn-ín. Ibì kan lè ro yín díẹ̀. Bó bá ti di pé ẹ ń wa eyín pọ̀, ẹ ní kó dẹwọ́. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sùn lọ síbẹ̀.

Ní ti rírí àìsàn: ní àwọn ọdún 1930 ni Eunice Ingham ní Amẹ́ríkà ya àwòrán ẹsẹ̀ tí a ń lò, tó ní ibi kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹ̀ dúró fún ẹ̀yà ara kan. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ni orí, etí ẹsẹ̀ lápá inú ni ọ̀pá ẹ̀yìn. Mo ń tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kò sí ìwádìí tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé a lè fi mọ àìsàn. Bàtà tó há lè mú kí àtẹ́lẹsẹ̀ máa roni. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ tó ní kíndìnrín yín ń bàjẹ́, tó wá fa àgbo yọ, ọjà ló ń tà. Ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ni wọ́n fi ń yẹ kíndìnrín wò. (Àti omi tí wọ́n ní kí a ki ẹsẹ̀ bọ̀, tó ń pọ́n bí ẹní pé ìdọ̀tí ara ló ń jáde: irin ẹ̀rọ iná tí wọ́n fi sínú rẹ̀ ló ń dípẹtà nínú omi iyọ̀. Ẹ má ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, á ṣì pọ́n.)

Ẹsẹ̀ yín gan-an ló ń kọ mí lóminú. Ìtọ̀ ṣúgà lè mú kí ẹsẹ̀ má mọ ìrora mọ́, nítorí náà wọ́n lè tẹ̀ yín jù kí ẹ má mọ̀. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹsẹ̀ náà wò ní ilé ìwòsàn. Bí egbò bá wà, kódà láàárín ọmọ ìka, ẹ má lọ. Ẹ má gbà kí wọ́n fi omi gbígbóná, igi tàbí abẹ kàn yín lẹ́sẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé wú, tó gbóná, tó ń dunni lẹ́yìn ojúgun, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì síbẹ̀.

Ara á rọ̀ yín, oorun sì lè tibẹ̀ wá. Ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù kan. Bí kò bá yàtọ̀, kí ọmọ yín ṣọ́ owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó rárá, kí ló ń jí yín lóru? Bó bá jẹ́ ìtọ̀ ni, ṣúgà yín lè ti lọ sókè. Ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ yìí.