Bọ́ọ̀lù kẹta kọ́ ló ń yọ yín lẹ́nu, ẹnu ọ̀nà ni

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, kóòṣì. Ọdún kejì rèé tí ọkọ̀ ojú omi ti ń fi okùn fà mí, tí mo ń fi sìkì ẹyọ kan, pátákó tí mo ń dúró lé, yí bọ́ọ̀lù mẹ́fà ká lórí omi. Okùn mítà 18.25 ni mò ń lò, ọkọ̀ sì ń sá kìlómítà 46 ní wákàtí. Bọ́ọ̀lù kìíní àti ìkejì kì í dà mí láàmú. Tó bá di ẹ̀kẹta, mo ti pẹ́. Ní ẹ̀kẹrin okùn á dẹ̀, á tún já mi gbà lójijì, ó di inú omi. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra sìkì àwọn tó ń díje, ẹlòmíì ní ọkọ̀ wa ló burú. Èwo ni kí n kọ́kọ́ náwó lé?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó lé ìkankan. Ẹni tó bá pẹ́ dé bọ́ọ̀lù kẹta, ẹnu ọ̀nà, ìyẹn àárín bọ́ọ̀lù méjì tí ẹ ń gbà wọlé, ló ti jẹ gbèsè yẹn, kó tó kan bọ́ọ̀lù kìíní rárá. Bọ́ọ̀lù méjì àkọ́kọ́ kàn ń bá a bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Láti bọ́ọ̀lù kan dé èkejì, mítà 41 ni ọkọ̀ ń rìn. Ní eré tiyín, ìyẹn ò ju ìṣẹ́jú-àáyá 3.2 lọ. Àárín ìyẹn lẹ ó ti yí, ẹ ó fà, ẹ ó ré ìgbì méjèèjì ẹ̀yìn ọkọ̀ kọjá, ẹ ó sì tún jáde lọ bá bọ́ọ̀lù tó fi mítà 11.5 jìnnà sí ojú ọ̀nà ọkọ̀. Bí ẹ bá pẹ́ níbẹ̀rẹ̀, kò síbi tí ẹ ó ti rí àkókò yẹn san padà. Ẹ ó kàn máa fà ju bó ṣe yẹ lọ, sìkì á gbé eré àpọ̀jù dé ibi tó yẹ kó ti rọ̀, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọkọ̀ dọ́gba, okùn á sì dẹ̀. Ohun tó ń gbé yín ṣubú ní ẹ̀kẹrin nìyẹn.

Ẹnu ọ̀nà ò fẹ̀ ju mítà 2.5 lọ, bọ́ọ̀lù kìíní sì wà lápá ọ̀tún. Nítorí náà kí ẹ tó wọ ẹnu ọ̀nà, apá òsì ẹ̀yìn ọkọ̀ lẹ ó kọ́kọ́ jáde sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í jáde jìnnà tó, wọn ò sì tètè jáde. Ẹ jáde títí ẹ ó fi máa rí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ dáadáa, kì í ṣe ìdí rẹ̀ nìkan, kí ẹ jẹ́ kí sìkì rọ̀ díẹ̀, kí ẹ wá yà wọlé pẹ̀lẹ́. Agbára fífà á máa pọ̀ sí i bọ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ gan-an ni kó ti le jù. Bí ẹ bá ti kúrò lórí ìgbì kejì, fífà ti parí.

Ẹ jẹ́ kí igi ìdìmú okùn wà nítòsí ìbàdí, kí apá nà, kí ìgbọ̀nwọ́ lẹ̀ mọ́ aṣọ amúniléfòó. Ẹni tó bá ń ká apá wá sí àyà bí ẹni ń fa omi kànga, sìkì rẹ̀ á kọ orí sí ẹ̀yìn ọkọ̀ dípò bọ́ọ̀lù. Ẹ má sì yára tú ọwọ́ kan sílẹ̀. Tó bá kù díẹ̀ kí ẹ dé bọ́ọ̀lù, ọwọ́ tó wà níhà ọkọ̀ ni kó di okùn mú, kó máa nà lọ díẹ̀díẹ̀.

Èmi náà fi sáà méjì gbáko yí lẹbẹ abẹ́ sìkì mi. Mo mú irin ìwọ̀n lọ́wọ́, mò ń sún un síwá sẹ́yìn ní ìwọ̀n tí ojú lásán ò lè rí. Ọjọ́ tí ẹnì kan ya fídíò mi láti inú ọkọ̀ ni mo rí i pé ṣe ni mò ń já wọ ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ fi sílẹ̀. Lẹbẹ ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Sìkì àwọn tó ń díje le, eré ńlá ni wọ́n ṣe é fún. Ní 46, èyí tó fẹ̀ díẹ̀ láàárín ló máa gbé yín ró nígbà tí ẹ bá ń yí. Bí owó bá ń yún yín lọ́wọ́, bàtà orí sìkì ni kí ẹ yẹ̀ wò: bí gìgísẹ̀ bá ń gbéra nínú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ní òótọ́ nínú. Ọkọ̀ ìdíje, àárín ni ẹ́ńjìnnì wà, ibẹ̀ náà ni òpó tí wọ́n ń so okùn mọ́ wà, ìgbì rẹ̀ kì í ga, ẹni tó ń fà kì í sì í fà á kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ̀rọ GPS ló ń di eré rẹ̀ mú. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ awakọ̀ yín ló ń tẹ eré, ẹ wo bóyá ó ń fi kún un láìmọ̀ nígbà tí ẹ bá ń fà. Kí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ sì jókòó dọ́gba; tí wọ́n bá rọ́ sápá kan, ìgbì apá kan á ga ju ìkejì.

Ẹ má dààmú nípa kíké okùn kúrú báyìí, bí àwọn tó ń díje ṣe máa ń ṣe. Tí okùn bá di mítà 11.25, kò gùn tó bọ́ọ̀lù mọ́, ara àti apá ẹni ló ń pé e.

Nígbà tí ẹ bá tún dé omi, ẹ ní kí wọ́n dín eré kù sí 43. Lẹ́ẹ̀mẹta àkọ́kọ́, ẹnu ọ̀nà àti bọ́ọ̀lù kìíní nìkan ni kí ẹ ṣe, kí ẹnì kan máa ya fídíò. Ẹ wo ibi tí sìkì ti bẹ̀rẹ̀ sí yí, ṣáájú bọ́ọ̀lù ni àbí lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ti di ṣáájú lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ẹ fi ìkejì kún un.