Ẹ Bi Wá: Pípín Ẹgbẹ́ Olùlo Kọ̀ǹpútà sí Ẹ̀ka

Lẹ́tà oṣù yìí dá lórí ẹgbẹ́ olùlo kọ̀ǹpútà àdúgbò àti àwọn ẹ̀ka kéékèèké inú rẹ̀. A gé àwọn kan kúrú.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ẹgbẹ́ wa ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, a sì tó 40. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àtúnṣe, àwọn tó bá ti Excel wá á máa tòògbé. Bí ó bá kan Excel, àwọn tó fẹ́ràn àtúnṣe á bọ́ síta. Àwọn kan ní ká pín sí ẹ̀ka. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní ìyẹn ni yóò tú wa ká. Ta ló tọ̀nà? — *Akọ̀wé ẹgbẹ́, Ìbàdàn*

Ìdáhùn: Ẹ pín. Ṣùgbọ́n kí àpò owó jẹ́ ọ̀kan, kí ìwé orúkọ jẹ́ ọ̀kan, kí ọjọ́ ìpàdé náà jẹ́ ọ̀kan. Ẹ̀ka tó bá ń gba owó oṣù tirẹ̀, tó tún ń pàdé lọ́jọ́ tirẹ̀, ó ti di ẹgbẹ́ mìíràn nìyẹn. Ohun tí àwọn àgbà yín ń bẹ̀rù gan-an nìyí, ẹ̀rù wọn kì í sì í ṣe lásán.

Ẹ má kọ́kọ́ jókòó máa wá orúkọ ẹ̀ka. Ẹ wá ẹni tó ní nǹkan lọ́wọ́ ná. Homebrew Computer Club, ẹgbẹ́ olùlo kọ̀ǹpútà kan tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta 1975 nínú gáréèjì Gordon French ní Menlo Park, Kalifọ́níà, ní ọgbọ́n kan tó ṣì wúlò títí dòní. Nígbà tí wọ́n pọ̀ tí wọ́n kó lọ sí gbọ̀ngàn ilé ìwádìí SLAC, Lee Felsenstein ló ń darí ìpàdé. Lákọ̀ọ́kọ́, olúkúlùkù á dìde, á sọ ní ṣókí ohun tó ní, ohun tó ń wá tàbí ohun tó gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á tú ìjókòó ká, kálukú á wá lọ bá ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn án.

Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ènìyàn 40, ìṣẹ́jú àáyá 30 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 20 ni gbogbo rẹ̀. Kí akọ̀wé kọ ọ́ sára pátákó ní òpó mẹ́ta: “mo ní”, “mo ń wá”, “mo lè kọ́ni”. Ibi tí ènìyàn 5 bá ti pàdé lórí ohun kan, tí orúkọ ọ̀kan nínú wọn sì wà ní òpó kẹta, ẹ̀ka wà níbẹ̀. Bí ènìyàn 12 bá ń wá ohun kan tí kò sì sí ẹni tó lè kọ́ wọn, kíláàsì ni wọ́n ń fẹ́. Ẹ dáwó, kí ẹ pe olùkọ́.

Ẹ̀ka 3 tó fún 40 ènìyàn. Bí ẹ bá dá 7 sílẹ̀, ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, ènìyàn 2 péré ni yóò jókòó nídìí tábìlì kan, àwọn méjèèjì ò sì ní padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Iṣẹ́ ni kí ẹ fi sọ ẹ̀ka lórúkọ, ẹ má fi ẹ̀rọ sọ ọ́. Boston Computer Society, tí Jonathan Rotenberg dá sílẹ̀ ní 1977 nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 13, ní ẹ̀ka fún IBM PC, ó ní fún Macintosh, ọmọ ẹgbẹ́ wọn sì lé ní 30,000 kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn ní 1996. Láyé ìgbà náà, ẹ̀rọ kan kì í gbọ́ èdè èkejì, ìpín bẹ́ẹ̀ sì bójú mu. Lónìí, àtúnṣe, ìṣirò oníṣòwò, fọ́tò àti fídíò, tàbí títẹ Yorùbá ló máa ń kó ènìyàn jọ.

Bí ìpàdé yín bá jẹ́ wákàtí 3, ẹ fi ìṣẹ́jú 40 sílẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́, 100 fún ẹ̀ka, 30 kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fi ohun tó ṣe hàn, 10 fún ọ̀rọ̀ owó. Ẹ má gba ìròyìn ẹnu. Kí wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù tó ti jí wá, tàbí kí wọ́n ṣí ìwé ìṣirò náà lójú gbogbo ènìyàn. Ẹ̀ka tí kò bá ní ohunkóhun láti fi hàn fún oṣù 3 léraléra, ẹ pa á rẹ́ láìsí ìjà, kí irinṣẹ́ rẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹgbẹ́.

Ìbéèrè: Ẹ̀ka àtúnṣe ni mo wà. Láptọ́ọ̀pù 6 wà nílẹ̀ tí kò lè gba Windows 11, a sì fẹ́ fi Linux, ètò tó lè rọ́pò Windows, sí wọn. Fíláàṣì tí a ṣe ń ṣiṣẹ́ lára 4, àwọn 2 tó kù kò tiẹ̀ rí i. — *Abẹ́òkúta*

Ìdáhùn: Bó bá ṣiṣẹ́ lára 4, fíláàṣì yín kò bàjẹ́. Ẹ wo bí àwọn 2 yẹn ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tó ń lo BIOS (ètò ìbẹ̀rẹ̀ àtijọ́) kì í sábà gba fíláàṣì tí Rufus, ètò tó ń ṣe fíláàṣì ìbẹ̀rẹ̀, ṣe sí GPT, ìlànà tuntun fún pípín dísìkì. Ẹ padà sínú Rufus, ní Partition scheme ẹ yan MBR, ìlànà àtijọ́, kí ẹ tún un ṣe. Bó bá jẹ́ UEFI (ètò ìbẹ̀rẹ̀ tuntun) ni ẹ̀rọ ń lò, ẹ pa Secure Boot, ààbò tó ń dènà ètò tí kò mọ̀, ná. Bọ́tìnì tó ń mú àkójọ ìbẹ̀rẹ̀ wá ni F12 lórí ọ̀pọ̀ Dell àti Lenovo, F9 lórí HP. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ léraléra láti ìgbà tí iná bá ti tàn. Bí àmì Windows bá ti jáde, ó ti bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ká ní gbogbo 6 ló kọ̀ ọ́, ìdí á yàtọ̀. Àwọn kan máa ń ṣe àdàkọ ISO, fáìlì tí Linux wà nínú rẹ̀, sórí fíláàṣì lásán bí ẹni ń ṣe àdàkọ orin. Kò lè bẹ̀rẹ̀ láéláé. Rufus ni ẹ máa fi kọ ọ́, tàbí kí ẹ kọ́kọ́ fi ètò Ventoy sórí fíláàṣì kí ẹ tó ṣe àdàkọ rẹ̀. Dátà tó já lágbedeméjì náà máa ń ba ISO jẹ́, nítorí náà kí ẹnì kan ṣoṣo wà á sílẹ̀, kó ṣe `certutil -hashfile linux.iso SHA256` lórí Windows láti rí nọ́ńbà ìdánimọ̀ fáìlì náà, kó fi èsì rẹ̀ wé èyí tó wà lójú ewé àwọn tó ṣe é, kí àwọn tó kù tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìlànà ìkópamọ́ fíláàṣì tí ẹ fi ń gbé e kiri bá jẹ́ FAT32, kò ní gba fáìlì tó bá ju 4GB lọ. Ẹ sọ ọ́ di exFAT. Ẹ sì fura sí fíláàṣì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ 64GB sí lára tó sì jẹ́ 8GB ló wà nínú rẹ̀. Ètò H2testw lórí Windows, tàbí f3 lórí Linux, á tú àṣírí rẹ̀.

Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró, irú ẹ̀rọ báyìí á sì túbọ̀ máa wọlé wá. Nínú ohun tí ẹ lè rà fún wọn, SSD, dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, ló ń mú ìyàtọ̀ wá jù. RAM, ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́, ló tẹ̀lé e, àyàfi bí RAM rẹ̀ kò bá pé 4GB. Ẹ yọ bátìrì kí ẹ tó fọwọ́ kan inú rẹ̀. SSD oní-2.5 ínǹṣì sábà máa ń nípọn tó 7mm. Bí hard disk tí ẹ yọ bá jẹ́ 9.5mm, tuntun yìí á máa mì títí ẹnu rẹ̀ á fi yọ. Ẹ fi férémù 2.5mm tì í. Ní ti RAM, DDR3 láptọ́ọ̀pù ní ẹsẹ̀ 204, DDR4 ní 260, ibi tí wọ́n gé sí lára wọn kò bára mu, ẹ má fi ipá tì í wọlé. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún DDR3L oní-1.35V sì lè kọ DDR3 oní-1.5V.

Ọ̀rọ̀ iná: ṣájà 65W lọ́nà 6 jẹ́ 390W. Iye tó wà níwájú “rated” lára jẹnẹrétọ̀ ni kí ẹ kà, ẹ fi “max” sílẹ̀. Bí iṣẹ́ inú ẹ̀rọ bá ti parí, ẹ dá bátìrì padà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Linux sí i, torí bí iná bá lọ lágbedeméjì, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Ìbéèrè: Ẹ̀ka wa ń tẹ oríkì àwọn ìdílé sínú fáìlì. Bí mo bá wá ọ̀rọ̀ kan nínú èyí tí ẹlòmíràn tẹ̀, kọ̀ǹpútà á ní kò sí, bẹ́ẹ̀ ó wà níwájú mi! — *Òṣogbo*

Ìdáhùn: Ojú ló jọra, inú ò jọra. Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ní àmì kan ṣoṣo fún ẹ (U+1EB9), kò ní fún ẹ́. Ẹni kan lè tẹ ẹ kó fi ohùn òkè (U+0301) lé e. Ẹlòmíràn lè tẹ é (U+00E9) kó wá fi àmì ìsàlẹ̀ (U+0323) sí i. Méjèèjì rí bákan náà lójú, ọ̀pọ̀ ètò ìṣàwárí kò sì mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹni kẹta tún lè fi ìlà kékeré (U+0329) dípò àmì ìsàlẹ̀, èyí ló burú jù.

Ẹ ṣí fáìlì nínú Word, ẹ fi kọ́sọ̀ sẹ́yìn lẹ́tà náà, ẹ tẹ Alt+X. Bó bá di ẹ0301, ti ẹni àkọ́kọ́ nìyẹn. Bó bá di é0323, ti ẹnì kejì ni. Ẹ tún un tẹ̀ kó padà.

Láti tún fáìlì tó wà nílẹ̀ ṣe nínú Python, ẹ kọ́kọ́ fi U+0323 rọ́pò gbogbo U+0329, lẹ́yìn náà ni `unicodedata.normalize("NFC", oro)`; NFC ló ń sọ ọ̀nà ìkọ lẹ́tà kan náà di ọ̀kan. Bí ẹ bá yí ìtò yìí padà, àwọn lẹ́tà kan á ṣì kù bí é tí U+0323 tẹ̀lé, wọn ò sì ní bá ti àwọn yòókù mu. Láti ìsinsìnyí lọ, àtẹ bọ́tìnì ìtẹ̀wé kan náà ni kí gbogbo ẹ̀ka máa lò: Yorùbá wà nínú ètò èdè Windows, ó wà nínú Gboard lórí fóònù. Fọ́ǹtì Charis SIL, Gentium àti Noto máa ń fi àmì ohùn sí ipò rẹ̀. Fáìlì àtijọ́ tí ẹ bá yí fọ́ǹtì rẹ̀ padà tí lẹ́tà “ẹ” inú rẹ̀ sì di àmì owó tàbí àmì mìíràn, NFC ò lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ to lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí ẹ sì fi èyí tó tọ́ rọ́pò rẹ̀.

Ìbéèrè: Olórí ẹ̀ka wa ti japa, páásíwọọ̀dù ímeèlì ẹ̀ka wà lọ́wọ́ rẹ̀. — *Ìlọrin*

Ìdáhùn: Ẹ bá a sọ̀rọ̀ ní tìrọ̀rùn báyìí, kí nọ́ńbà rẹ̀ ti ìlú wa tó kú, torí nọ́ńbà yẹn ni kóòdù ìwọlé ń lọ. Kó yí nọ́ńbà àti ímeèlì ìgbàpadà sí ti ẹgbẹ́ kó tó yí páásíwọọ̀dù. Ẹ fi orúkọ ẹgbẹ́ ra SIM kan, kí akápò máa tọ́jú rẹ̀, kó máa ra káàdì sí i déédéé kí wọ́n má baà gbé nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn. Ẹ kó páásíwọọ̀dù gbogbo ẹ̀ka sínú fáìlì KeePassXC kan, ètò tó ń tọ́jú páásíwọọ̀dù. Ènìyàn 2 ni kó mọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kí ẹ sì tún kọ ọ́ sórí ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ pa nínú àpò ìwé lọ́dọ̀ akápò.