Ṣé mo lè fi póìǹtì káàdì àwìn ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú láti Èkó láìjẹ gbèsè?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹ bá ń san gbogbo owó tí ẹ ná pátá kí ọjọ́ tí báńkì dá tó pé. Owó báńkì ni káàdì àwìn (credit card) fi ń rajà fún yín, tí ẹ ó san padà tó bá yá; póìǹtì ni èrè tí ẹ ń rí gbà lórí ohun tí ẹ bá fi káàdì náà rà. Bí gbèsè bá ti sùn di oṣù kejì, èlé á jẹ póìǹtì náà tán.

Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ká ní ẹ ná ₦500,000, tí póìǹtì rẹ̀ sì jẹ́ 1%: ₦5,000 péré nìyẹn. Bí èlé bá jẹ́ 3% lóṣù, tí ẹ kò sì san kọ́bọ̀ nínú gbèsè náà fún oṣù kan, ₦15,000 ni ẹ máa fi lé e.

Ohun tí ẹ ti ń rà tẹ́lẹ̀ náà ni kí ẹ máa fi káàdì rà: epo mọ́tò, dátà, oúnjẹ ilé. Ẹ má fi gba owó nídìí ATM, torí níbẹ̀, èlé sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Káàdì tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn láti Balógun dé Yábàá kì í ṣe ti àwìn o. Owó inú àkáǹtì wọn ló ń fà. Ẹ bi báńkì yín bóyá tiyín tiẹ̀ ń kó póìǹtì jọ.

Tíkẹ́ẹ̀tì póìǹtì kì í sábà jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá. Owó orí àti owó pápákọ̀ òfurufú ṣì lè kù tí ẹ máa fi owó gidi san.