Báwo ni mo ṣe lè kó ìkànnì tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ láti àkáǹtì AWS (iṣẹ́ sáfà àyálò ti Amazon) kan sí òmíràn?

Kóòdù kì í dààmú ẹnikẹ́ni. Dátábéèsì ni wàhálà. Tó bá jẹ́ RDS (iṣẹ́ dátábéèsì ti AWS) lẹ ń lò, ẹ ya snapshot (ẹ̀dà dátábéèsì náà bó ṣe wà lásìkò yẹn), kí ẹ pín in fún àkáǹtì tuntun. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń há: snapshot tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ KMS (iṣẹ́ AWS tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń ti dátà) tí AWS fúnra rẹ̀ pèsè tì kò ṣeé pín. Ẹ kọ́kọ́ fi kọ́kọ́rọ́ tí ẹ̀yin dá ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ fún àkáǹtì kejì láṣẹ lórí kọ́kọ́rọ́ náà.

Bucket S3 (àpò tí ẹ ń kó fáìlì sí lórí AWS) kì í yí àkáǹtì padà. Ẹ ṣí tuntun pẹ̀lú orúkọ mìíràn, kí ẹ fi àṣẹ aws s3 sync da fáìlì sínú rẹ̀, kí ẹ sì wá gbogbo ibi tí kóòdù ti ń pe orúkọ àtijọ́.

Ẹ ti dín TTL (iye àkókò tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí àdírẹ́sì) ti DNS, ètò tó ń tọ́ka orúkọ ìkànnì sí sáfà rẹ̀, kù sí 300 ìṣẹ́jú-àáyá ní ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ tí ẹ máa kó o. Lóru ọjọ́ náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan tuntun sórí ìkànnì, ẹ ya snapshot ìkẹyìn, ẹ gbé e dìde lọ́hùn-ún, ẹ dán an wò, kí ẹ tó yí DNS. Ẹ fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, owó yòówù kó jẹ.