Ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù àtijọ́: kó wọlé síra ná, kí ẹ tó kùn ún

Bí ìbéèrè yín ṣe yé mi nìyí. Chevrolet tí wọ́n ṣe láàárín 1947 sí 1955 lẹ ní, pákó ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti jẹrà, ìsàlẹ̀ páànù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti lu, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí ẹ tú ẹ̀yìn náà kúrò lórí ṣásí (egungun irin tó gbé ọkọ̀) tàbí kí ẹ tún un ṣe níbi tó wà. Ẹ tún béèrè bóyá kí ẹ kó gbogbo páànù fún àwọn tó ń fi yanrìn fẹ́ irin.

Ẹ tú u. Ẹ má sì kó gbogbo rẹ̀ fún oníyanrìn. Màá sọ ìdí méjèèjì, ṣùgbọ́n ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni pé wọn kì í tẹ̀ lé ètò. Gbogbo ohun tó máa wọlé síra gbọ́dọ̀ ti wọlé síra, bóòtù gbogbo gbọ́dọ̀ ti bọ́ sí ihò rẹ̀, nígbà tí irin ṣì wà ní ìhòòhò. Ọ̀dà ló ń gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá kùn ún kó tó dán an wò, gíráíńdà ni yóò tún fi họ ọ̀dà tuntun náà dànù.

Ìdí tó fi yẹ kí ẹ tú u ni pé ibi tí ìpẹtà ti ń jẹ irin kọ́ ni ojú ń rí. Orí irin ìdábùú tí pákó jókòó lé ló ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pákó tútù ń lẹ̀ mọ́ ọn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó tún ń jẹ ibi tí wọ́n ti ká ìsàlẹ̀ páànù iwájú, inú àpò tí òpó ń bọ́ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti ìṣẹ́po ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ẹrẹ̀ ń kó síbẹ̀, kì í gbẹ. Kò sí bí èèyàn ṣe lè dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ kó fọ ibẹ̀ dáadáa, ká má tiì sọ pé kó fi wẹ́dà jó o. Wáyà iná àti ọ̀pá bíréèkì tún wà nítòsí. Táńkì epo ńkọ́? Ibikíbi tó bá wà, ẹ gbé e jáde pátápátá kí iná wẹ́dà tó tàn. Táńkì tí wọ́n ti fa epo inú rẹ̀ tán léwu ju èyí tó kún lọ, nítorí ooru epo tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ ló ń bú gbàù.

Kí sípánà tó kan bóòtù kan, ẹ mú téèpù. Ẹ wọn ìdábùú láti igun iwájú lápá òsì dé igun ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, kí ẹ sì wọn èkejì tó kọ ọ́ lójú. Ẹ ṣe é lókè ẹ̀gbẹ́, ẹ tún un ṣe nílẹ̀. Ẹ kọ ìbú iwájú, ti àárín àti ti ẹ̀yìn sílẹ̀, pẹ̀lú àlàfo tó wà láàárín ẹ̀yìn àti ilé awakọ̀, àti àlàfo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ́tùn-ún lósì. Bí ìdábùú méjèèjì bá fi ju mìlímítà 3 yàtọ̀ síra, ọkọ̀ náà ti gbá nǹkan rí tàbí irin ìdábùú kan ti tẹ̀. Ó sàn kí ẹ mọ̀ ọ́n nísinsìnyí ju kí ilẹ̀kùn kọ̀ láti tì lẹ́yìn tí ẹ ti kùn ún tán. Lẹ́yìn náà, ẹ fi áńgù áyọ́nù méjì so ẹ̀gbẹ́ kan mọ́ èkejì lókè, kí ẹ sì fi ẹ̀kẹta dábùú láti igun sí igun. Bí ẹ bá gé ìsàlẹ̀ páànù kúrò láìsí ìyẹn, ẹ̀gbẹ́ yóò ṣí bí ìwé.

Bóòtù tó mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ orí pákó ní orí ribiti, ọrùn rẹ̀ sì ní igun mẹ́rin, tó máa ń há sínú ihò onígun mẹ́rin kó má bàa yí. Tí ìpẹtà bá ti jẹ igun ihò náà, nọ́ọ̀tì àti bóòtù á jọ máa yí ni. Ẹ má fi ọjọ́ méjì rọ epo sí i. Ẹ bọ́ sábẹ́, kí ẹ fi gíráíńdà gé nọ́ọ̀tì rẹ̀ dànù, bóòtù tuntun lẹ máa lò lọ́nàkọnà. Àwọn tó so ẹ̀yìn mọ́ ṣásí lẹ máa fi sùúrù ṣe: ẹ rẹ ẹ́ sínú epo tí ń tú ìpẹtà fún wákàtí 24, kí ẹ máa yí i síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má fi agbára fà á lẹ́ẹ̀kan náà. Tí iná bá di dandan, gbogbo pákó ti gbọ́dọ̀ kúrò nítòsí. Àwọn ègé igi tàbí rọ́bà tó wà láàárín ṣásí àti ẹ̀yìn, bó ti wù kí wọ́n jẹrà tó, ẹ má jù wọ́n nù. Ẹ wọn bí wọ́n ṣe nípọn tó, kí ẹ sì kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá sí i lára. Ìnípọn wọn ló ń mú kí ìlà ẹ̀yìn bá ìlà ilé awakọ̀ dọ́gba.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ yanrìn. Páànù ẹ̀gbẹ́ kò nípọn, ó ń lọ bíi mìlímítà 1.2. Yanrìn tí afẹ́fẹ́ ń tì lágbára dà bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òòlù kéékèèké tó ń lu ojú kan irin. Ojú tí wọ́n lù á gbòòrò, ojú kejì kò ní gbòòrò, páànù yóò sì wú bí awọ ìlù. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ooru ló fà á, ṣùgbọ́n lílù náà ló ṣe é jù, èyí tó ti wú báyìí sì ṣòro láti dá padà. Torí náà, ẹ kó irin ìdábùú, àpò òpó, ìdè tí ilẹ̀kùn fi ń ṣí (hinge) àti áńgù fún oníyanrìn. Páànù fífẹ̀, ẹ fi díìsì ìhọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì onírin ṣe é lọ́wọ́. Ọ̀dà ayé ìgbà yẹn sábà máa ń ní òjé nínú, nítorí náà ẹ lo ìbomú tó dáa, kí ẹ sì fi omi rẹ eruku rẹ̀ kí ẹ tó gbá a.

Àwọn ohun kéékèèké tó ní kọ̀rọ̀, iná mànàmáná ló ń fọ̀ wọ́n mọ́ jù. Ẹ da omi sínú ike ńlá, kí ẹ fi síbí ìmùkọ kan sódà ìfọṣọ sí lítà omi 4. Okùn òdì (−) ṣájà bátìrì ni ẹ máa so mọ́ ohun tí ẹ fẹ́ fọ̀, okùn rere (+) mọ́ àlòkù irin lásán. Bí ẹ bá ṣe é sódì, ohun yín gan-an ni yóò jẹ tán. Ẹ má lo stainless gẹ́gẹ́ bí àlòkù irin, nítorí ó ń tú májèlé kúrómíọ̀mù sínú omi. Ẹ má sì fi iyọ̀ rọ́pò sódà, gáàsì kílórínì ló ń mú jáde. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, nítorí háídrójìn tó ń hó jáde níbẹ̀ ń gbaná. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ṣàn án, ẹ gbẹ ẹ́, kí ẹ sì fi práímà (ọ̀dà ìpìlẹ̀) kùn ún lọ́jọ́ náà gan-an; àwọn ohun kéékèèké yìí nìkan ló yàtọ̀ sí òfin pé ọ̀dà ló ń gbẹ̀yìn. Irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi yẹn kì í pẹ́ tó fi ń pọ́n.

Tó bá kan lílẹ̀ páànù, ẹ má gé e mọ sí etí ihò. Ẹ tan iná sẹ́yìn rẹ̀ nínú òkùnkùn. Gbogbo ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, ó ti tán níbẹ̀. Ẹ gé e kọjá ibẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3, títí ẹ ó fi bá irin tó nípọn. Ẹ ṣe igun ìlẹ̀mọ́ náà ní ribiti, torí igun ṣóńṣó máa ń là. Ẹ jẹ́ kí etí kan etí, ẹ má fi ọ̀kan gun èkejì, nítorí omi yóò sápamọ́ sáàárín wọn. Wáyà MIG (ẹ̀rọ wẹ́dà tó ń ti wáyà jáde fúnra rẹ̀) oní mìlímítà 0.6 pẹ̀lú gáàsì ágọ́ọ̀nù 75 sí carbon dioxide 25 nínú ọgọ́rùn-ún ló bá a mu. Àlàfo tó tó ìnípọn wáyà náà ni kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ táàkì ojú kan (ìyẹn ni pé kí ẹ jó o bíńtín), kí ẹ fo sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, kí ẹ lọ sí apá kejì. Kí ọwọ́ yín lásán tó lè dúró lórí irin náà, ẹ má padà síbẹ̀. Ojú jíjó máa ń sún kì bó bá ń tutù, nítorí náà ẹ gbé irin pẹlẹbẹ sábẹ́ táàkì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi òòlù lù ú fẹ́ẹ́rẹ́ kó lè gbòòrò padà. Ẹni tó bá fa ìlà jíjó kan ṣoṣo gùn, páànù rẹ̀ yóò hunjọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Oògùn ìfọ-bíréèkì tó ní kílórínì nínú, ẹ má fi nu irin tí ẹ máa jó. Bí iná wẹ́dà bá kàn án, gáàsì phosgene ló ń dà, ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ sì lè pa èèyàn. Ásítóònì ni kí ẹ lò, kí ó sì gbẹ pátápátá kí ẹ tó tan iná.

Báyìí ni kí ẹ to gbogbo rẹ̀ pọ̀ láìkùn: irin ìdábùú, páànù iwájú, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, pákó, irin tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ tún wọn ìdábùú, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ tì í. Ihò tí kò bá ṣe déédéé, àkókò yìí ni ẹ máa fáìlì rẹ̀. Ìgbà náà lẹ máa wá tú u, tí ẹ ó fi práímà epoxy (ọ̀dà ìpìlẹ̀ alápòpọ̀ méjì) kùn ún lẹ́ẹ̀mejì lórí irin tó mọ́. Pọ́tì tí wọ́n fi ń tẹ́ ojú irin máa lọ sórí epoxy, kò gbọ́dọ̀ nípọn ju mìlímítà 3 lọ, nítorí ó ń mu omi, ó sì ń là bó bá nípọn. Ohun tí ẹ fi ń dí ìṣẹ́po náà, orí práímà ló ń lọ. Ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ àti ilẹ̀kùn, ẹ má dí i láé. Ọ̀dà tí wọ́n ń po mọ́ hádínà (oògùn tó ń mú ọ̀dà le) sábà máa ń ní isocyanate, kẹ́míkà tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ìbomú eruku kò ràn án, èyí tó ń gba afẹ́fẹ́ láti ìta ni kí ẹ wọ̀.

Pákó ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí, òun náà ni wọ́n sì máa ń fojú tín-ín-rín. Bó bá jẹ́ óákù (igi líle ilẹ̀ òyìnbó) lẹ fẹ́, óákù funfun ni kí ẹ rà. Iṣan óákù pupa ṣí sílẹ̀ láti orí dé ìdí, ó ń fa omi bí òwú àtùpà. Ti funfun dí. Ẹ to pákó sínú ilé iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó gé e, pẹ̀lú igi tín-ín-rín láàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá. Pákó kì í fẹ̀ ní gígùn tó ohun tí à ń kà sí, ìbú ló ń yí padà. Óákù funfun tó fẹ̀ tó mìlímítà 140, bí omi inú rẹ̀ bá fi ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ó lè fi bíi mìlímítà 2 fẹ̀. Ẹ fi iye pákó yín lu ìyẹn, ẹ ó rí i pé bí wọ́n bá há mọ́ra, páànù ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n máa tì síta, tàbí kí wọ́n gbé àyà sókè. Ìdí nìyẹn tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ fi bo etí pákó méjì, tí bóòtù sì ń gba àárín wọn kọjá. Irin náà kàn ń tẹ pákó mọ́lẹ̀ ni, kí ó lè máa sún lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi gúlúù tàbí sílíkóònù dí àlàfo náà. Ihò bóòtù ṣásí tó gún pákó fúnra rẹ̀, ẹ fi mìlímítà 3 fẹ̀ ẹ́ ju bóòtù lọ, kí ẹ sì fi wọ́ṣà ńlá sí i.

Ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pákó ni fánííṣì gbọ́dọ̀ kàn, títí kan inú gbogbo ihò. Bí ẹ bá kun orí nìkan, abẹ́ yóò máa mu omi, pákó yóò sì tẹ̀. Ẹ lo fánííṣì ìta gbangba tí oòrùn kì í tètè jẹ. Ẹ fi ohun tí wọ́n ń fi là á ṣe ìdajì ti àkọ́kọ́ kó lè wọnú, kí ẹ wá kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́rin sí i, pẹ̀lú sáńpépà 220 láàárín. Ẹnu pákó méjèèjì, níwájú àti lẹ́yìn, ẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì lé sí i. Óákù, irin lásán àti omi kì í gbé pọ̀: àbàwọ́n dúdú ló ń tibẹ̀ jáde, kò sì rọrùn láti fọ̀. Nítorí náà, bóòtù stainless ló dáa. Ẹ fi gírísì tí kì í jẹ́ kí òrùka ara bóòtù há sí i, kí ẹ sì fi ọwọ́ dè é, nítorí stainless máa ń lẹ̀ mọ́ra bí ẹ bá fi ẹ̀rọ yára dè é.

Nígbà ìtòpọ̀, àárín ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa lọ sí ẹ̀gbẹ́. Gbogbo nọ́ọ̀tì kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà ní dídè ìka lásán títí bóòtù ìgbẹ̀yìn yóò fi wọlé. Ẹ tún wọn ìdábùú lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ wá dè wọ́n láti àárín síta, kó kàn mú dáadáa. Bí pákó bá ti ń rì lábẹ́ irin, ó ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn bí oṣù kan, ẹ padà sábẹ́ rẹ̀. Pákó á ti yanjú, nọ́ọ̀tì mélòó kan á ti dẹ̀. Ẹ fi ìdámẹ́rin yíyí kan dè wọ́n, kí ẹ sì wo ẹnu pákó nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bóyá fánííṣì ibẹ̀ ti ń là, nítorí ibẹ̀ ni omi ti ń kọ́kọ́ wọlé.