Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ọmọ àti Yìnyín ní Kánádà

Lẹ́tà òtútù ló kún àpótí wa lóṣù yìí. A mú márùn-ún nínú wọn. Nínú ìdáhùn wa, yìnyín ni èyí tó ń já bọ́ láti ojú ọ̀run. Omi dídì ni èyí tó le bí òkúta lójú odò àti adágún.

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Kóòtù tó nípọn jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù ni mo rà fún un, mo sì máa ń fi súwẹ́tà òwú méjì sí i lábẹ́. Síbẹ̀, bó bá ti ilé-ìwé dé, gbígbọ̀n ló ń gbọ̀n, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì tutù rinrin. Níbo ni mo ti ṣì í?* Ìyá ọlọ́mọ kan, Winnipeg

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Kóòtù yẹn ò jẹ̀bi, òwú ló fà á. Ọmọdé kì í dúró lójú kan. Bó ti ń sáré ló ń làágùn, òwú á fa òógùn náà mu, á sì gbé e dání. Nígbà tí agogo bá lù tí ọmọ tò sórí ìlà, aṣọ tútù tó lẹ̀ mọ́ ọn lára á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ooru jáde lára rẹ̀, kóòtù tó wà lókè ò sì rí nǹkan kan ṣe sí i. Bí ẹ bá tún fi súwẹ́tà kẹta kún un, òógùn lẹ fi kún un.

Ìpele mẹ́ta ni kí ẹ wọ̀ fún un. Èyí tó kan ara gbọ́dọ̀ jẹ́ irun àgùntàn tàbí pọ́líẹ́sítà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó fún mọ́ ọn lára díẹ̀, àti lókè àti nísàlẹ̀. Fleece, aṣọ rírọ̀ onírun tó máa ń móoru, ni kó tẹ̀ lé e. Lóde ni kóòtù àti ṣòkòtò yìnyín tí atẹ́gùn àti omi ò lè gbà kọjá. Lọ́jọ́ tí kò tutù ju -5 °C lọ, tí atẹ́gùn ò sì fẹ́, ẹ yọ ti àárín kúrò. Kí ara ọmọ tutù díẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ síta sàn ju kó ti máa gbóná lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀: bó bá gbẹ tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, aṣọ tó, bó bá rin, aṣọ ti pọ̀ jù.

Ìbọ̀sẹ̀ irun àgùntàn kan ṣoṣo tó. Méjì nínú bóòtù tó fún a máa dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà, ẹsẹ̀ á wá tutù ju ti ẹni tó wọ ẹyọ kan lọ. Ẹ jẹ́ kí àyè tó fẹ̀ tó ìka kan kù níwájú ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Lálaalẹ́, ẹ fa aṣọ inú bóòtù náà jáde kó lè gbẹ. Ìbọ̀wọ́ tó kó ìka mẹ́rin pọ̀ sójú kan móoru ju èyí tó ya ìka sọ́tọ̀ lọ. Ẹ fi èkejì sínú báàgì rẹ̀, torí ti àárọ̀ á ti rin kó tó di ọ̀sán.

Kí ẹ tó jáde, nọ́ńbà wind chill ni kí ẹ wò, èyí tó ń sọ bí atẹ́gùn ṣe mú kí òtútù náà rí lára. Bí ojú ọjọ́ bá jẹ́ -20 °C, tí atẹ́gùn ń fẹ́ ní kìlómítà 20 ní wákàtí kan, wind chill á di -30. Láti -28 sí -39, ara tí a kò bò lè dì láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 30. Láti -40 sí -47, ìṣẹ́jú 5 sí 10 péré ni.

*Ọmọ wa kò tíì pé ọdún méjì. Ìyàwó mi ní ká máa bọ́ kóòtù lára rẹ̀ ká tó gbé e sínú àga ọmọdé nínú ọkọ̀, èmi sì ní òtútù á pa á. Ẹ bá wa dá sí i.* Bàbá Àbíkẹ́yìn, Edmonton

Ìyàwó yín ló jàre, bàbá. Afẹ́fẹ́ ló kún inú kóòtù tó wú. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, afẹ́fẹ́ náà á fún jáde lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́líìtì tí ẹ rò pé ó le á wá dẹ̀ lára ọmọ. Ẹ dán an wò nínú ilé: ẹ de ọmọ mọ́ àga pẹ̀lú kóòtù, ẹ fà á le. Ẹ tú u láì dẹ bẹ́líìtì, ẹ bọ́ kóòtù, kí ẹ tún dè é padà. Àyè tó bá ṣẹ́ kù yẹn ni ọmọ lè gbà fò jáde.

Fleece fẹ́lẹ́ ni kó wọ̀, pẹ̀lú fìlà àti ìbọ̀wọ́. Ẹ de bẹ́líìtì títí tí ẹ ò fi ní lè fi ìka méjì ṣẹ́ ẹ pọ̀ ní egungun èjìká rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi kóòtù bò ó láti iwájú, kó ki apá bọ̀ ọ́ ní ìdàkejì, tàbí kí ẹ lo bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Ọkọ̀ gan-an ló yẹ kó ti móoru. Bí òtútù bá ti kọjá -15 °C, ẹ so block heater, ẹ̀rọ tó ń mú ẹ́ńjìnnì móoru, mọ́ iná fún wákàtí méjì sí mẹ́rin kí ẹ tó jáde. Ẹ̀rọ tó ń ka àkókò ni kó bá yín tàn án, má jẹ́ kó wà níbẹ̀ láti alẹ́ mọ́jú, iná lásán ló ń jẹ. Ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì nínú gáréèjì kí ó máa móoru níbẹ̀, kódà bí ilẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀. Bí yìnyín bá sì já bọ́ mọ́jú, ẹ kọ́kọ́ kó o kúrò lẹ́nu ọ̀pá èéfín ọkọ̀. Èéfín tó bá padà sínú ọkọ̀ ní gáàsì olóró kan nínú tí kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn.

*Adágún kékeré kan wà lẹ́yìn ilé wa, àwọn ọmọ aládùúgbò ti ń fi bàtà sikéètì ṣeré níbẹ̀. Ṣé kí tiwa náà bọ́ sí i, àbí ká máa lọ sí Rideau, odò tí wọ́n gbẹ́ gba àárín ìlú wa?* Tọkọtaya kan, Ottawa

Ẹ lọ sí Rideau. Ọ̀pọ̀ adágún àdúgbò tuntun jẹ́ èyí tí wọ́n gbẹ́ láti gba omi òjò àti omi yìnyín tó yọ́ lójú títì. Omi ń wọlé, omi ń jáde lábẹ́ rẹ̀ láìdúró, iyọ̀ tí wọ́n dà sí títì sì ń bá a wọlé. Omi oníyọ̀ kì í tètè dì. Ibì kan lè nípọn kí ibi tó wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí i fẹ́lẹ́. Pé ọmọ ẹlòmíràn ń sáré lórí rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí.

Lórí adágún gidi, wíwọ̀n ni. Canadian Red Cross ní kí omi dídì nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15 kí ẹnì kan tó rìn lórí rẹ̀, 20 bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá fẹ́ ṣeré, 25 fún ọkọ̀ orí yìnyín. Ìlu tí apẹja fi ń lu omi dídì ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, láti etí bèbè wọlé díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kejì dúró létí pẹ̀lú okùn. Àwọ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Èyí tó mọ́ gaara tó ní àwọ̀ búlúù ló lágbára jù. Èyí tó funfun bíi wàrà jẹ́ yìnyín tó rin tó wá dì. Ìdajì agbára ló ní, ẹ wá ìlọ́po méjì ìnípọn náà. Èyí tó ní àwọ̀ eérú ti ní omi nínú. Ẹ má tẹ̀ ẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá jìn sí i, Gordon Giesbrecht, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Manitoba, fi nọ́ńbà mẹ́ta kọ́ wa: 1, 10, 1. Ìṣẹ́jú kan láti mú èémí balẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á ṣì gbọ́rọ̀ síni lẹ́nu, nǹkan bíi wákàtí kan kí òtútù tó mú ẹni dákú. Kí onítọ̀hún kọjú sí ibi tó ti wá, torí ibẹ̀ ló ti gbé e tẹ́lẹ̀. Kó na apá sórí omi dídì, kó máa fi ẹsẹ̀ lu omi títí tí àyà rẹ̀ á fi gùn ún, kó wá yí gbirigbiri lọ. Kó má dìde dúró.

Ní Rideau, kìlómítà 7.8 ni ojú ọ̀nà sikéètì náà, ọ̀fẹ́ ni, láti ìgbà òtútù 1970 sí 1971 ni wọ́n sì ti ń ṣí i. Wọ́n máa ń dúró kí omi dídì tó dára nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Ní 2022 sí 2023, kò dì tó, wọn ò ṣí i rárá. Ẹ wo àsíá kí ẹ tó wọ bàtà: pupa túmọ̀ sí pé wọ́n ti tì í pa. Ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́ kan ni kí ọmọ wọ̀, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ má gbéra, kí okùn le ní ọrùn ẹsẹ̀ kó sì dẹ̀ níwájú. Ẹ dé àṣíborí fún un.

*Orí ìka ọmọbìnrin mi ṣá, ó ní òun ò mọ nǹkan kan lára mọ́. Ìyá mi ní ká fi ọwọ́ ra á dáadáa. Ṣé ó tọ́?* Regina

Rárá o, ẹ dákun, ẹ fi sùúrù ṣàlàyé fún màmá. Fífi ọwọ́ ra á máa ń ya ẹran ara tó ti ń dì. Lára aláwọ̀ dúdú, ẹ má retí kó pupa: ojú ibẹ̀ á dà bí eérú tàbí bí àbẹ́là, á sì le lọ́wọ́. Ẹ mú un wọlé, ẹ bọ́ ohun tó bá rin, kí ẹ ki ìka náà bọ omi 37 sí 39 °C fún bí ìṣẹ́jú 30. Ìgbọ̀nwọ́ yín ni kí ẹ fi dán omi náà wò, torí ìka tó kú ò lè mọ̀ bó bá gbóná jù. Á dùn ún bó bá ń padà bọ̀ sípò. Bó bá lé ròrò, tàbí tí kò mọ nǹkan lára síbẹ̀, ilé ìwòsàn ni. Ẹ lè pe 811, nọ́ńbà ìmọ̀ràn ìlera ní Saskatchewan, nígbàkigbà. Bí ẹ bá ṣì máa tún jáde sínú òtútù, ẹ má tíì yọ́ ọ: èyí tó yọ́ tó tún dì ń bàjẹ́ jù.

*Níbo ni àwọn ọmọ ti lè fi sílẹ́ẹ̀dì yọ̀, ṣé òkìtì yìnyín iwájú ilé náà tó?* Barrie

Òkìtì etí títì kọ́. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ tó ń kó yìnyín kò rí ọmọ tó wà lẹ́yìn òkìtì náà, ihò tí ọmọ bá sì gbẹ́ sínú rẹ̀ lè wó lé e lórí. Ẹ wá òkè tí kò sí igi tàbí òkúta lójú ọ̀nà rẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ lọ gbọọrọ, tí kò já sí títì tàbí odò. Jíjókòó ni, kí ẹsẹ̀ ṣíwájú, kí àṣíborí wà lórí. Ẹ bọ́ síkáàfù lọ́rùn wọn, kó má há mọ́ nǹkan; ìbọ̀rùn tí wọ́n ń ti orí bọ̀ ni kí wọ́n lò. Ẹgbẹ́ òkè ni kí wọ́n máa gbà gòkè padà, kì í ṣe àárín.