Gàárì Igi Tàbí Ẹ̀gùn: Èwo Ló Bá Ọrun Onígi Mu?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ọdún 34 ni mí, oko wa sì wà lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọrun onígi ni mo ń lò, kò ní kẹ̀kẹ́ kankan lára, ó sì gùn tó ínṣì 66. Ọ̀yà ló ń da ẹ̀gẹ́ wa láàmú, orí ẹ̀gùn tí mo fi pákó kàn ni mo ti máa ń ṣọ́ wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn olè ti tú pákó náà lọ. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà wá fi ohun tí wọ́n ń pè ní tree saddle ránṣẹ́ sí mi. Mo yẹ̀ ẹ́ wò títí, bẹ́líìtì àti okùn ni mo rí. Ṣé ó dára ju ẹ̀gùn lọ? Kí ni àǹfààní rẹ̀, kí sì ni aburú rẹ̀ fún ẹni tó ń ta ọfà bíi tèmi?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú oko o. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àwọn tó ń gun òpó tẹlifóònù àti àwọn tó ń gé igi lẹ́bàá ilé bí wọ́n ṣe máa lọ sókè tí wọ́n á sì padà wálẹ̀ láìfarapa. Ilé ọdẹ ni wọ́n sì bí mi sí. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 11, bàbá mi já láti orí ẹ̀gùn ní oko wa. Pákó tó ti jẹrà lábẹ́ ló dà á. Ẹ̀gùn náà kò ga ju mítà mẹ́ta lọ, síbẹ̀ títí bàbá fi kú ni ó ń fi ọ̀pá rìn. Má bínú bí o bá rí i pé ọ̀rọ̀ jíjábọ́ ni mo ń padà sí ṣáá.

Gàárì igi ni èmi ń pe nǹkan náà. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ kó yé ọ kíá, gbàgbé ẹṣin, kí o rántí igbà ẹlẹ́mu. Ẹlẹ́mu á ta igbà yí ara rẹ̀ àti ọ̀pẹ ká, á fara tì í sẹ́yìn, á fi ẹsẹ̀ tẹ ara ọ̀pẹ, ọwọ́ rẹ̀ á sì ráyè dá ẹmu. Ọgbọ́n yẹn náà nìyí. Aṣọ líle kan gbá ìdí àti itan rẹ mú. Okùn kúkúrú kan so ìbàdí ọ̀tún àti ti òsì pọ̀ níwájú. Ìkọ́ irin tó ń ti ara rẹ̀ pa ló so okùn kúkúrú yìí mọ́ okùn ńlá tó yí igi ká, èyí tí o máa so sí ibi tí iwájú orí rẹ dé nígbà tí o bá nàró. O wá fara sílẹ̀, okùn gbé ọ, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ wà lórí pèpéle irin kan tó fẹ̀ tó àtẹ kékeré.

Àwọn ọdẹ àgbọ̀nrín ní Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ di ohun tí à ń rí káàkiri. John Eberhart, ọdẹ ọlọ́fà kan ní ìpínlẹ̀ Michigan, ti ń lò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ṣùgbọ́n ọrun oníkẹ̀kẹ́ (compound bow, èyí tí kẹ̀kẹ́ kéékèèké wà lórí apá rẹ̀ tó ń dín ẹrù ọsán kù) ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń lò ó lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tìrẹ ti yà sí tiwọn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gàárì yìí ni okùn rẹ̀. Bí o bá lò ó bó ṣe yẹ, okùn kan wà tó o máa fi yí igi ká bí o ṣe ń gòkè, gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́mu ti ń sún igbà rẹ̀. Nígbà tí o bá dókè, o máa so okùn ńlá kí o tó tú ti ìgùnkè. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ bá ti kúrò nílẹ̀ títí tó fi padà kàn án, igi ò já ọ sílẹ̀. Mélòó nínú àwa ọmọ ọdẹ ló rí bàbá wa tó so ara rẹ̀ mọ́ igi lórí ẹ̀gùn? Oòrùn á ti lu èèyàn lóko látàárọ̀, nígbà tó bá di aago mẹ́ta òru, oorun á gbé e lójijì. Àwọn tó mọ igbó bí àtẹ́lẹwọ́ wọn ni mo mọ̀ tó já bẹ́ẹ̀.

Ti olè pákó, gàárì yanjú ìyẹn pátápátá. Òun nìkan máa ń wọn nǹkan bíi kílò kan. Bí o bá fi pèpéle àti àwọn okùn kún un, àpò ẹ̀yìn kan gbà wọ́n. Ilé ni o máa kó gbogbo rẹ̀ padà sí. Bí ọ̀yà bá sì yí ipa ọ̀nà wọn padà, o lè bọ́ sórí igi mìíràn lálẹ́ ọjọ́ kejì, igi náà ì báà tẹ̀ tàbí kó má ní ẹ̀ka tí a lè kan pákó mọ́. Ìtì igi tún máa ń bò ọ́ mọ́lẹ̀: bí ẹran bá gba iwájú bọ̀, o kàn máa rọra yí sẹ́yìn igi ni.

Wàyí o, ọrun rẹ. Ọrun oníkẹ̀kẹ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbé gun igi kì í sábà ju ínṣì 30 sí 34 lọ. Tìrẹ jẹ́ 66, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ààbọ̀. Igi wà níwájú rẹ, okùn ńlá ti òkè wá sí àárín ara rẹ, orúnkún rẹ yọ síta, pèpéle wà nísàlẹ̀. Ibo ni apá ọrun méjèèjì fẹ́ gbà? Bí apá ìsàlẹ̀ bá kan itan rẹ tàbí etí pèpéle nígbà tí o tú ọsán sílẹ̀, ọfà á ṣìnà, ariwo á sọ, igi ọrun fúnra rẹ̀ sì lè sán. Bí apá òkè bá kan okùn, bákan náà ni. Ohun tó máa gbà ọ́ ni pé kí o da ọrun sí ẹ̀gbẹ́, kí o má gbé e ró ṣánṣán. Ẹni tó bá ti ń ta ọrun onígi láti kékeré mọ bí wọ́n ṣe ń dà á. Ọrun kúkúrú, bíi ti ínṣì 58 sí 60, á tún rọrùn jù, bí o bá lè rí i gbẹ́ tàbí rà.

Èkejì rèé, èmi ò sì fojú kékeré wò ó. Bí agbára tí a fi ń fa ọrun oníkẹ̀kẹ́ bá jẹ́ pọ́ùn 60, tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì gba ìdá 80 nínú 100 ẹrù náà, pọ́ùn 12 péré ló kù lọ́wọ́ ẹni tó fà á dé òpin. Ó lè dì í mú, kó máa fi sùúrù wá ibi tí ara rẹ̀ á gbà. Bí tìrẹ bá jẹ́ pọ́ùn 45, odindi 45 náà ló wà lórí ìka rẹ, bí o bá sì fa á dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọfà gbọ́dọ̀ máa lọ. Bẹ́ẹ̀ okùn ń fì ọ́, bí o ṣe ń fa ọsán ni ara fẹ́ máa yí. Tún ẹsẹ̀ rẹ tẹ̀ kí o tó fa ọrun, fi orúnkún kan ti ara igi kí ìbàdí má yí, kí o sì tẹ̀ láti ìbàdí wá sílẹ̀. Bí o bá fi apá nìkan tọ́ka sísàlẹ̀, èjìká rẹ ti kúrò ní ìlà nìyẹn, ọfà á kọjá lókè ẹ̀yìn ẹran.

Bí o bá ń fi ọwọ́ ọ̀tún fa ọsán, apá òsì rẹ ni ọfà ti ń rọrùn jù. Ẹran tó bá gba ọ̀tún wá máa fìyà jẹ ọ́, nítorí o gbọ́dọ̀ yí gbogbo ara, kí o gbé ọrun gígùn yẹn kọjá okùn, ojú ẹran kò sì fọ́. Nítorí náà, wo ojú ọ̀nà ọ̀yà dáadáa lójú ọ̀sán, kí o sì mú igi tó máa jẹ́ kí ọ̀nà náà bọ́ sí òsì rẹ.

Gíga ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé bí a bá ṣe ga tó ni ó ṣe dára tó. Wò ó báyìí: bí o bá wà ní mítà mẹ́fà sókè, tí ẹran wà ní mítà mẹ́jọ sí ìdí igi, mítà mẹ́wàá ni ojú rẹ máa wọ̀n, ṣùgbọ́n bí ẹni pé mítà mẹ́jọ ni ọfà máa ń ṣe. Ẹni tó bá ta ti mẹ́wàá á ta á kọjá lókè. Ọfà tó dà gììrì bẹ́ẹ̀ kì í sì í tètè gba ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, ẹran á sá lọ kú síbi tí o kò ní rí i, ìyẹn sì dùn mí fún ẹran náà. Ọ̀yà lò ń ṣọ́. Mítà méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta tó fún ọ láti rí inú koríko.

Ara ẹni náà ní ọ̀rọ̀ sọ. Ìbàdí á máa dùn ọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, orúnkún pẹ̀lú. Ìyẹn á lọ. Èyí tí kò ṣeé fojú fò ni ti rírọ̀. Ẹni tó bá rọ̀ sínú okùn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ nǹkan, tí kò sì lè mì wọ́n, ẹ̀jẹ̀ á máa gbára jọ sí itan àti ẹsẹ̀. Ó lè dákú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bí wọn kò bá tètè gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó lè pa á. Fi okùn kékeré kan tó ní ojú ẹsẹ̀ sínú àpò rẹ, kí o lè rí nǹkan tẹ̀ bí pèpéle bá yẹ̀. Má sì jẹ́ kí okùn ńlá dẹ̀ rí. A kò ṣe gàárì yìí láti gba ẹni tó já sílẹ̀ lójijì. Okùn tó dẹ̀ ní ìwọ̀n apá kan péré lè ṣẹ́ èèyàn ní egungun ẹ̀yìn nígbà tó bá mú un.

Nípa igi, gmelina àti tíìkì tó yè dára. Fi àràbà sílẹ̀, ẹ̀gún àti gbòǹgbò rẹ̀ kò ní jẹ́ kí okùn jókòó. Igi tó ti kú, má dé ibẹ̀. Wo ara igi fún tanpẹ́pẹ́ kí o tó gùn ún, torí ẹni tí okùn dè kò lè fò sílẹ̀. Mo rí ọmọkùnrin kan nítòsí Òkè-Ẹ̀rí tó so gàárì mọ́ igi etí Eredo Súngbọ́, odi àti yàrà àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó ní mítà mẹ́ta lòun wà. Yàrà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò wá sí i lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ ibòmíràn wà nínú yàrà yẹn tó jìn tó 20 mítà.

Oko yín ni kí o mọ. Igbó ìjọba ní Omo, èyí tí UNESCO kà mọ́ ibi ààbò ẹ̀dá láti ọdún 1977, kì í ṣe ibi tí à ń gbé ọrun wọ̀. Erin ṣì wà níbẹ̀. Akika tó bá sì gba abẹ́ igi rẹ kọjá, nínú oko tìrẹ pàápàá, òfin ọdún 1985 ti dáàbò bò ó.

Ṣé ó wá dára ju ẹ̀gùn lọ? Fún ọrun gígùn, ẹ̀gùn rọrùn jù, mi ò ní purọ́ fún ọ. O lè jókòó, o lè nàró, apá ọrun kò kan nǹkan. Bí bàbá ẹni 60 ọdún bá béèrè lọ́wọ́ mi, ẹ̀gùn ni mo máa ní kó lò, kó sì fi okùn gàárì so ara rẹ̀ mọ́ igi lórí rẹ̀. Ìwọ ṣì ní eegun, olè ò sì jẹ́ kí pákó rẹ gbé. Lo gàárì, ṣùgbọ́n má gùn ún ní ọ̀sẹ̀ yìí. So ó mọ́ igi máńgòrò inú ọgbà yín, kí pèpéle má ga ju orúnkún lọ, kí o to àpò àlòkù tí o fi aṣọ kún sílẹ̀, kí o máa ta á láti gbogbo ìhà fún alẹ́ mẹ́wàá. Ibẹ̀ ni wàá ti mọ ibi tí ọrun rẹ ń kàn. Okùn tí wọ́n bá a wá nìkan ni kí o lò, okùn tí wọ́n fi ń di ẹrù mọ́tò kò sí nínú rẹ̀. Bí ara okùn bá ti ń tú, tàbí tó ti pẹ́ nínú oòrùn, gé e sọnù.

Lọ́jọ́ tí o bá gùn ún nítòótọ́, má gbé ọrun dání. Fi okùn tín-ín-rín fà á sókè lẹ́yìn tí o bá ti so ara rẹ tán, kí gbogbo ọfà wà nínú apó tó ní ìdérí. Kí o tó kúrò nílé, mú ẹnìkan dé ìdí igi náà lójú ọ̀sán, ẹni tó lè gbé àkàsọ̀ wá, kí o sì sọ aago tí wàá dé fún un.